Ẹ̀fọ́ tí ọmọ gbìn: báwo la ṣe máa dá ọgbà sílẹ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà Yàgbà

Okun gbogbo ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko.

Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lágbègbè Ìsánlú, nílẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo já ewé mẹ́fà nínú ọgbà ìyá mi, mo tò wọ́n sórí tábìlì: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, gbúre, ọ̀dú, ìṣápá àti ewúro. Mo ní kí àwọn ọmọ máa bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ kan ewé, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n sì pè é lórúkọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ewúro, ó ti korò sí gbogbo wọn lẹ́nu rí. Nígbà tó kan ọ̀dú, kíláàsì pa rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan nàwọ́, ó ní, "Fẹjitébù ni, Tíṣà." Mo ní fẹjitébù wo? Ó ní, "Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà."

Ọmọ náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yàgbà ni, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ṣì ń lọ oko títí di òní. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn kíláàsì wa tí kò ju ìwọ̀n yàrá méjì lọ. Ọ̀gá wa ti ní kí n lò ó. Kí ni kí n kọ́kọ́ gbìn tí ọkàn wọn kò fi ní rẹ̀wẹ̀sì? Omi ńkọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ta ni yóò bójú tó o nígbà ọlidé gígùn? Èyí tó ká mi lára jù ni jíjẹ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń fi ìka ṣa ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, Indomie ni wọ́n ń tọrọ. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta ló wà fún, kò kan àwọn tèmi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Kàbà

Tíṣà wa, Ọlọ́run á fún yín lókun. Ẹ̀fọ́ ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin níléèwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọdé kì í ní sùúrù. Ohun tó bá máa pẹ́ oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀, wọn á ti gbàgbé ibi tí wọ́n gbìn ín sí. Tí ilẹ̀ bá tutù, tẹ̀tẹ̀ á yọrí láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, tó bá máa fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti ń fà á sínú ìkòkò. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kò ní tẹ́ lọ́wọ́ tiyín náà.

Ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìn ín ti máa ń ṣì í rèé. Irúgbìn rẹ̀ dúdú, ó kéré, ó ń dán. Tí ẹ bá dà á sí ọmọ lọ́wọ́, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí, á hù bí irun orí ọmọ tuntun, kò sì ní sí èyí tó máa sanra nínú rẹ̀. Ẹ bu yanrìn gbígbẹ abọ́ kan, kó má tutù rárá. Ẹ wọn irúgbìn ọmọrí ìgò kan sí i. Ẹ fọwọ́ pò ó títí ẹ ò fi ní rí ojú dúdú rẹ̀ lọ́tọ̀ mọ́. Kí ọmọ wá fi ìka mẹ́ta mú un, kó máa fọ́n ọn bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹ má wa ilẹ̀ bò ó. Ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ rá ojú ilẹ̀, ó ti tó. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lójú kí òjò má bàa gbá a lọ, kí ẹyẹ má bàa ṣà á. Ọjọ́ tó bá yọrí báyìí ni kí ẹ ká imọ̀ náà kúrò, torí tó bá pẹ́ lábẹ́ rẹ̀ á ga tẹ́ẹ́rẹ́, á sì ṣubú.

Tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ fún yín, ẹ má fà gbogbo rẹ̀ tu. Ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, á yọ ẹ̀ka míì. Ṣọkọ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjùmú, Abuja

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti wà nínú mi láti kékeré.

Níléèwé tí mo lọ, a ní oko ńlá. Ẹni tó bá pẹ́ dé, oko. Ẹni tó bá pariwo, oko. Ẹni tí kò bá mọ ìsọdipúpọ̀ ẹlẹ́ẹ̀méje lórí, wọ́n á fún un ní ọkọ́, wọ́n á ní kó lọ ro pooro mẹ́ta. Ọkọ́ ni pàṣán wa. Tí iṣu bá wá ta tán, àwa náà la máa wà á, àwa la máa rù ú lọ sílé àwọn tíṣà. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀, mi ò fi ẹnu kan iṣu náà rí, àní sísun. Mo ti lé lógójì ọdún báyìí. Tí mo bá rí ọkọ́ lára ògiri, ẹ̀yìn mi ṣì máa ń ro mí. Ìgbà tí mo bí ọmọ tèmi ni mo tó gbin ata sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lójúde, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n.

Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọgbà yẹn di ibi ìjìyà. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ mú débẹ̀. Kí ọmọ sì jẹ nínú ohun tó gbìn. Tí ẹ̀fọ́ náà bá gba ilé tíṣà lọ, ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ṣiṣẹ́ kọ́ ló ń jẹun.

Tíṣà Yàgbà

Ẹ̀gbọ́n, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn tó bá pẹ́ dé ni yóò máa ro èpò. Mo ti pa á rẹ́. Ẹ ṣeun gan-an.

Àgbẹ̀ Ìyàrà

Mo kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Kàbà, ẹ̀fọ́ ni mo sì ń gbìn jẹun. Ọ̀rọ̀ ìyá wa lókè yẹn pé. Màá fi díẹ̀ kún un.

Ebè iṣu kọ́ ni ẹ̀fọ́ ń fẹ́. Ebè pẹlẹbẹ tó gùn ni kí ẹ kọ, kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju mítà kan lọ. Fún ọmọ kíláàsì kẹrin, ẹ jẹ́ kó kéré sí ìyẹn. Ẹ ní kí ọmọ tó kúrú jù nínú wọn lóṣòó, kó nàwọ́: ibi tí ìka rẹ̀ bá dé ni àárín ebè, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni fífẹ̀ tó yẹ. Ìdí ni pé ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gun orí ebè rárá. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀, ilẹ̀ á ki, gbòǹgbò kò ní rọ́nà wọlé, omi náà kò ní rọ́nà. Ẹ pín ebè náà fún wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí orúkọ wọn wà lára igi níwájú rẹ̀. Ọgbà tó jẹ́ ti gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín.

Ẹ má kó ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i. Á jó ẹ̀fọ́, kòkòrò àrùn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kó o jọ síbì kan pẹ̀lú ewé gbígbẹ, ẹ jẹ́ kó jẹrà fún oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí kò fi ní rùn mọ́. Kí àwọn ọmọ má sì fi ọwọ́ lásán kó o.

Ewédú wá ni ẹ̀kọ́ tó dùn jù lọ láti kọ́ ọmọdé. Awọ irúgbìn rẹ̀ le, tí ẹ bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení dé àrún, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ rì í bọ omi tútù, kí ẹ sá a síbòòji. Tíṣà nìkan ni kó fọwọ́ kan omi gbígbóná o. Lẹ́yìn náà ẹ mú agolo mílíìkì méjì, ẹ gbin èyí tó wọ omi gbígbóná sí ọ̀kan, èyí tí kò wọ̀ ọ́ sí ìkejì. Kí àwọn ọmọ máa ka èyí tó yọrí láràárọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí pátákó. Ìṣirò nìyẹn, sáyẹ́ǹsì nìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Mo ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ mi nílé, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọn ò fi jẹ́ kí n gbádùn, "Dádì, ẹ wá kà á!"

Nípa kòkòrò: ọwọ́ àwọn ọmọ ni oògùn àkọ́kọ́. Kí wọ́n yẹ ìsàlẹ̀ ewé wò láàárọ̀, kí wọ́n ṣa kòkòrò náà. Ẹ lè bu eérú wọ́n ewé nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ewé dongoyárò tí ẹ gún, tí ẹ rẹ mọ́jú, tí ẹ sẹ́, tí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí, òun náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi apakoríko súnmọ́ ibẹ̀, kódà kí àwọn ọmọ tó wọ̀ ọ́. Àjọ NAFDAC ti fòfin de apakoríko tí wọ́n ń pè ní paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ìgò tí kò lórúkọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ọmọdé lè mú un bí omi.

Ewúrẹ́ ń kọ́? Ẹ tètè ṣọgbà yí i ká o. Mo mọ àwọn tó fi igi lápálápá ṣe é, kì í sì í ná èèyàn lówó.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìyàrà, ẹ má bínú, lápálápá kọ́ níléèwé! Èso rẹ̀ dùn lẹ́nu, májèlé ni. Mo ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń bì, tí wọ́n ń yàgbẹ́, wọ́n rò pé ẹ̀pà ni. Ọparun tàbí àwọ̀n ni kí ẹ lò.

Bákan náà ni èso ọ̀dú tútù. Ewé rẹ̀ tí a sè dára, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má já èso rẹ̀ tó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé sẹ́nu. Ẹ kọ́ wọn pé ewé tí àgbà kò bá tíì pè lórúkọ, a kì í tọ́ ọ wò.

Ó wá ku jíjẹ. Ẹ̀fọ́ tó dúdú dáadáa ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, tó ń dáàbò bo ojú ọmọ tó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti bá àìsàn jà. Fítámì yẹn kì í wọ ara dáadáa láìsí òróró, ìdí nìyẹn tí epo pupa tí àwọn ìyá wa ń fi sí ẹ̀fọ́ fi bọ́gbọ́n mu. Epo náà tún ní tirẹ̀. Áyọ́ọ̀nù (iron) wà nínú ẹ̀fọ́, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó, ṣùgbọ́n ti inú ewé kì í tètè wọra bíi ti inú ẹran. Tí ọmọ bá jẹ ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tí tòmátì àti ata tútù wà nínú ọbẹ̀ náà, ara rẹ̀ á gbà á jù. Ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má gé e tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ má sì sè é títí yóò fi di ewé tó kú. Omi tí ẹ bọ̀ ọ́ tí ẹ dà nù, fítámì C ti bá a lọ.

Ẹ má fi ewúro bẹ̀rẹ̀ o, Tíṣà. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ò ní ìkorò, kí wọ́n fi ìyẹn mọ̀ ọ́n jẹ. Ọmọ lè tọ́ oúnjẹ tuntun wò nígbà mẹ́jọ, mẹ́wàá, kí ẹnu rẹ̀ tó gbà á. Ẹ má lù wọ́n, ẹ má tì í sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀kún ṣíbí kan, ẹ yìn wọ́n, ó tó.

Àgbẹ̀ Ìyàrà

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo gba ìbáwí. Mi ò ronú kan àwọn ọmọ kékeré.

Màmá Ìbejì, Mọ̀pà

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Mo mọ̀ pé ire ni ẹ ń rò, ṣùgbọ́n kí ẹ gbọ́ ti àwa òbí náà. Oko ni mo ń lọ kí n tó rówó san owó iléèwé. Mi ò rán àwọn ọmọ mi jáde láàárọ̀ kí wọ́n lè lọ máa roko ẹlòmíì. Ejò ń kọ́? Àdá ń kọ́? Tí ọmọ bá gé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, èmi ni màá gbé e dìgbàdìgbà.

Tíṣà Yàgbà

Màmá Ìbejì, òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ ò sì ṣẹ̀ mí. Àdá kò ní dé ibẹ̀. Èmi àti bàbá ọlọ́dẹ wa la máa ṣán igbó rẹ̀ tán kí ọmọ kankan tó wọ̀ ọ́. Ọkọ́ kékeré àti ọwọ́ wọn ni wọ́n máa lò, ìdajì wákàtí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo máa kọ lẹ́tà sí òbí kọ̀ọ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá sì fọwọ́ sí i, ọmọ rẹ̀ á bá wa ka ohun tó hù, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò ní dé ilé tíṣà kankan, mo fi orúkọ mi dúró.

Màmá Ìbejì, Mọ̀pà

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí wá wo ọgbà náà nígbà tó bá wù wọ́n, kí ó má jẹ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ nìkan.

Bàbá Ọ̀gá Àná, Bùnú

Ẹ̀yin ọmọ mi, Okun o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Mo kọ́ ọmọ nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991, mo sì tún kọ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ọmọ wa Ìjùmú sọ, mo mọ̀ ọ́n. Àwa tíṣà ìgbà yẹn ṣe é, ó sì kù díẹ̀ káàtó. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má bàa tún un ṣe.

Ọlidé gígùn ni èmi fẹ́ sọ. Ẹ̀fọ́ tó ń fẹ́ ọwọ́ èèyàn lójoojúmọ́ kò lè la oṣù kẹjọ já láìsí ọmọ nítòsí. Nítorí náà, lóṣù kẹfà, kí taamu tó parí, ẹ gbin ìṣápá. Ó lè dá dúró, òjò á sì bá yín tọ́jú rẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá padà wọlé lóṣù kẹsàn-án, á ti ga jù wọ́n lọ, wọ́n á máa já ewé rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú ló máa ń yọ òdòdó, nítorí náà nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, òdòdó funfun náà á ti so. Ẹ bá mi débi ìṣápá pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti iyán! Ẹ ò lè sọ fún ọmọ ilẹ̀ wa pé ẹ̀fọ́ kò dùn lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fi igi ewúro gbígé àti ọ̀pá gbúre yí etí ọgbà ká. Ẹ kàn gún wọn mọ́lẹ̀ ni, wọ́n á hù.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dín ebè kù sí méjì péré, sún wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Omi ìfọwọ́ tí kò ní ọṣẹ púpọ̀, gbúre á mu ún. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́ kí oòrùn má bàa fa omi inú ilẹ̀ tán. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bomi rin, ẹ má ṣe é lọ́sàn-án gangan.

Ohun kan kù. Orúkọ ewé kan náà ní Bùnú lè má jẹ́ bákan náà ní Yàgbà, ti àwọn Òwé ní Kàbà tún lè yàtọ̀. Ẹ rán ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ìyá rẹ̀ àgbà, kó mú orúkọ ewé kan àti bí wọ́n ṣe ń sè é wá. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Àwọn ìyá yẹn ń lọ o. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ládùúgbò mi, òun nìkan ló mọ ibi tí ẹ̀bọ̀lọ̀ ti máa ń hù lẹ́bàá odò wa.

Tíṣà Yàgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Ebè méje la kọ. Tẹ̀tẹ̀ yọrí lọ́jọ́ kẹrin gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ dé iléèwé kí aago tó lù, èyí tí mi ò rí rí. Ewúrẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ ebè kan àti ààbọ̀ kí a tó fi ọparun ṣọgbà. Ọmọkùnrin tó ni ebè náà sunkún títí di àkókò ìsinmi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bù fún un lára tiwọn láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Agolo ewédú ti Ẹ̀gbọ́n Ìyàrà: mọ́kàndínlógún ló hù nínú èyí tó wọ omi gbígbóná, mẹ́rin nínú ìkejì. Wọ́n ka ìyẹn títí ó fi sú mi.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sè. Màmá ọmọ kan gbé ìkòkò wá, àwọn ọmọ fọ ẹ̀fọ́ wọn fúnra wọn, ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àti níwájú. Ọmọ kan wà tí kì í fi ẹ̀fọ́ sẹ́nu láéláé. Ó dúró ti ìkòkò láti ìgbà tí epo ti gbóná. Nígbà tí wọ́n bù ú sí abọ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ wá ewé tó jẹ́ tirẹ̀. Kò sí bó ṣe lè dá a mọ̀ nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ọ̀kan, ó ní òun nìyí, ó sì jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó jẹ ìyókù.

Ìwé orúkọ ewé ti Bàbá wa ti kún ojú ewé mọ́kànlá. Ọ̀kan ló ṣẹ́kù tí a ò rí irúgbìn rẹ̀ níbi kankan, ọ̀dú tó jẹ́ pé òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ti ìyá mi ti gbẹ. Ta ló ní?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Kàbà

Mo ní. Mo ti pa á mọ́ sínú ìgò láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo fi eérú sí i kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Ẹ wá lọ́jọ́ ọjà, ẹ má mú owó dání. Ẹ mú ọmọ tó pè é ní fẹjitébù wá, òun ni màá gbé e lé lọ́wọ́.